Mò Ń Ba Tẹlifíṣọ̀n Jẹ́ Kí Ọmọ Mi Lè Wá

Ẹ̀yin òǹkàwé, ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ ìtàn àwọn ẹlòmíràn nínú ìwé ìròyìn yìí. Bí obìnrin kan bá ṣe ohun tí kò dára, màá pòṣé, màá ní, "Irú èèyàn wo nìyí?" Ó wá kan èmi náà. Ẹ bá mi jókòó.

Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí, ọkùnrin ni. Fìríìjì àti ẹ̀rọ amúlétutù ni ó ń tún ṣe. Láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú ni èmi nìkan ti ń gbé nínú ilé wa, ilé kékeré onípáànù, èmi àti tẹlifíṣọ̀n tí mo máa ń tàn ní kété tí mo bá jí. Kì í ṣe pé mò ń wò ó náà. Ohùn èèyàn ni mò ń wá.

Nígbà tí ọmọ mi gbéyàwó tí ó kó lọ sí òdìkejì ìlú, ó gbé áńténà sí orí òrùlé fún mi kí n lè máa rí àwọn ìkànnì tí a kì í sanwó fún. Wáyà kan sọ̀ kalẹ̀ láti ara áńténà náà wọ inú àpótí dúdú kékeré kan lẹ́yìn àga mi. Àpótí yìí ni ó ń fi àwòrán ránṣẹ́ lórí wáífáì sí ẹ̀rọ kan tí kò ju ìka ọwọ́ lọ, tí ó kì bọ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n.

"Kí ló dé tí o ò kúkú fa wáyà náà tààrà lọ sídìí tẹlifíṣọ̀n?" mo bi í.

"Wáyà tó bá gba àárín pálọ̀ kọjá máa gbé yín ṣubú, Mọ́mì. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń rìn bí ẹni tí wọ́n ń lé."

Irú ọmọ tí mo bí nìyẹn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi sọ́kàn.

Ó ṣiṣẹ́ dáadáa fún ìgbà díẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ìkànnì ìròyìn kọ̀ kò ṣí. Orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́, ojú tẹlifíṣọ̀n dúdú, nǹkan róbótó kan ń yí, ó ń yí. Mo bọ́ sí ìkànnì kejì: ẹnu àwọn èèyàn ń lọ, n kò gbọ́ ohùn. Mo pe ọmọ mi. Ó ní kí n pa á kí n tún un tàn. Mo pa á, mo tún un tàn. Pàbó.

Ó wá ní ọjọ́ Sátidé, ó sì lo gbogbo ọjọ́ náà nídìí rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ lẹ́yìn àga pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì lẹ́nu. Ó pa wáífáì, ó tàn án. Ó ní kí àpótí tún gbogbo ìkànnì wá láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí oòrùn ń lọ, ó pariwo, "Mo ti mú un!"

"Kí ló ṣe é?"

"Kò ṣe nǹkan kan, Mọ́mì. Ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ló yí bí wọ́n ṣe ń fi àwòrán àti ohùn ránṣẹ́ padà. Ẹ̀rọ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n yìí ò gbọ́ èdè tuntun náà. Mo ti kọ́ ọ."

"Ó ti lọ sílé ìwé nìyẹn?"

"Ó ti gbàwé ẹ̀rí."

A rẹ́rìn-ín. Ó jẹun, ó bu òmíràn. Ó sùn sórí àga gbọọrọ, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀ bí ìgbà tí ó wà ní kékeré. Mo fi aṣọ bò ó, mo jókòó tì í, mò ń wo bí àyà rẹ̀ ṣe ń lọ sókè sódò. N kò tan tẹlifíṣọ̀n. N kò nílò rẹ̀.

Kí ó tó lọ, ó fà mí lọ sídìí àpótí. "Ẹ jẹ́ kí n kọ́ yín, kí ẹ má baà máa dúró dè mí." Ó fi ẹnu wáyà hàn mí, ibi tí wọ́n ti ń yí i mọ́ ẹ̀yìn àpótí. Bí ó bá tú díẹ̀, àwòrán yóò fọ́ wẹ́wẹ́. Ó ní àpótí àti tẹlifíṣọ̀n gbọ́dọ̀ wà lórí wáífáì kan náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọn kò ní rí ara wọn. Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi ìkànnì pamọ́ àti bí wọ́n ṣe ń dá a padà. Ó fi sùúrù kọ́ mi bí olùkọ́ ọmọ kékeré.

Gbogbo ohun tí ó kọ́ mi kí n lè máa tún un ṣe, òun náà ni mo fi ń bà á jẹ́.

Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ rèé. Sátidé kan, mo pè é. "Ṣé o máa yà?"

"Háà, Mọ́mì, ooru ti mú o. Gbogbo ayé ló fẹ́ tún amúlétutù ṣe. Ẹ jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Kò burú, ọkọ mi. Má ṣe ara rẹ léṣe."

Mo gbé fóònù sílẹ̀. Ilé dákẹ́. Mo wo àga gbọọrọ yẹn, mo wo àpótí. Mo kúnlẹ̀ lẹ́yìn àga, mo fi ìka méjì yí ẹnu wáyà náà, díẹ̀ báyìí. Ojú ẹni tí ń ka ìròyìn já sí wẹ́wẹ́, ohùn rẹ̀ ń ta kókó. Mo bojú wẹ̀yìn bí ọmọ tí ó jí ṣúgà.

Mo tún pè é. "Ìkànnì ò ṣí o."

Ó mí kanlẹ̀. "Mò ń bọ̀."

Ó wá. Ó rí i pé ẹnu wáyà ló tú. "Bóyá ekúté ló ń gba ibẹ̀ kọjá," ó ní. Mo ní, "Ó lè jẹ́." Ó jẹun. Ó jókòó. Inú mi dùn débi pé n kò rántí pé mo purọ́.

Lẹ́yìn náà, ó rọrùn. Ọ̀sẹ̀ kan, màá fi àpótí sórí wáífáì mìíràn. Ọ̀sẹ̀ mìíràn, màá fi ìkànnì pamọ́, màá ní ó sá lọ. Ọmọ mi máa ń yọ mí lẹ́nu pé, "Mọ́mì, tẹlifíṣọ̀n yín yìí ní ẹ̀mí àìrí nínú." Màá ní kó má ṣépè fún mi nínú ilé mi.

Ìyàwó rẹ̀ gan-an ló ń tì í lẹ́yìn. Aránṣọ ni, ọmọ tó lẹ́rìn-ín lẹ́nu, tí abẹ́rẹ́ kì í kúrò létí aṣọ rẹ̀. Yóò pè mí: "Màmá, mo ti lé e jáde, ó ń bọ̀. Ẹ má jẹ́ kó jẹun kó tó tún un ṣe o. Tó bá ti yó, ọ̀lẹ ni."

"Ìwọ lo mọ̀ ọ́n, ìyàwó mi."

Nígbà míì òun náà á bá a wá. Ó máa ń mú ìwé ìròyìn yìí dání, torí ó mọ̀ pé ojú mi kì í gba kí n ka lẹ́tà wíwẹ́ pẹ́. Yóò jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi, yóò máa ka ìtàn ìgbésí ayé sí mi létí, yóò máa yí ohùn padà fún ọkùnrin àti fún obìnrin. Bí ó bá kan ibi tí ó burú, yóò dúró, yóò wò mí, yóò ní, "Màmá, ṣé kí n máa kà á lọ?"

Ọmọ yẹn ni mo ṣe é sí.

Wọ́n ti ń retí ọmọ fún ọdún mélòó kan. Nígbà tí oyún dé, ọmọ mi sunkún lórí fóònù. Ṣùgbọ́n oyún náà ò rọrùn. Ẹsẹ̀ ìyàwó mi wú, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Ọmọ mi wá jókòó níwájú mi, ó di ọwọ́ mi mú.

"Mọ́mì, dókítà ní kí n má máa fi í sílẹ̀ pẹ́. Mo ti ṣèlérí fún un pé mi ò ní pa ohùn fóònù mi, níbikíbi tí mo bá wà. Tí ìkànnì ò bá ṣí, ẹ fara dà á fún mi títí yóò fi bímọ. Ẹ jọ̀ọ́."

"Ṣé o rò pé mi ò lórí ni? Tẹlifíṣọ̀n lásán."

Mo pa àdéhùn náà mọ́. Mo gbìyànjú. Ṣùgbọ́n bí ikùn yẹn ṣe ń ga ni ẹ̀rù ń bà mí. N kò lè ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Èrò mi ni pé bí ọmọ bá dé, ó tán fún mi. Ọmọ mi yóò ní ọmọ tirẹ̀ tí yóò máa wo àyà rẹ̀ lójú oorun. Èmi yóò di fọ́tò ara ògiri, bíi ti bàbá rẹ̀.

Ẹnìkan wà tí ó rí mi. Obìnrin tí ó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ni, ilé wa fara kanra, gbogbo àdúgbò ń pè é ní Tíṣà. Kì í kanlẹ̀kùn kó tó wọlé. Ní àárọ̀ ọjọ́ burúkú yẹn, ó wọlé bá mi lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́yìn àga, pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́.

"Kí lẹ ń wá níbẹ̀ yẹn?"

"Yẹtí mi ló já bọ́."

"Yẹtí yín méjèèjì wà létí yín."

Mo dìde, mo gbọn eruku orúnkún mi. Ó wo sísọ́ọ̀sì. Ó wo téèpù funfun tó wà lórí tábìlì, èyí tí ìyàwó mi gbàgbé sọ́dọ̀ mi, tí ó fi ń lẹ bébà tó bá ń gé àwòṣe aṣọ. Ó wo tẹlifíṣọ̀n tó ṣú dùdù.

"Ìyá," ó ní, kò rẹ́rìn-ín mọ́, "mo ti kọ́ ọmọ títí mo fi darúgbó. Mo mọ ojú ẹni tó fọ́ fèrèsé. Ẹ gbé fóònù, kí ẹ sọ fún ọmọ yín pé àárò rẹ̀ ń sọ yín."

"Mi ò fẹ́ di ẹrù sí i lọ́rùn."

"Èyí tí ẹ ń ṣe yìí ńkọ́?"

"Tíṣà, ẹ lọ sílé yín."

Ó lọ. Mo ti lẹ téèpù náà mọ́ ẹnu wáyà kí ó tó wọlé. Mo gé e tó èékánná, mo fi wé orí okùn bàbà tíńrín tó wà láàárín ẹnu wáyà kí àwòrán má lè gbà á kọjá, mo sì yí i padà sára àpótí dáadáa, ó le dan-in. Mo ti mọ̀ pé ọmọ mi yóò bi mí léèrè lórí fóònù kó tó gbà láti wá. Mo fẹ́ kí gbogbo ìdáhùn mi jẹ́ òtítọ́.

Òjò bẹ̀rẹ̀ lọ́sàn-án. Mo pè é.

"Ẹ wo ẹnu wáyà, Mọ́mì."

"Mo ti wò ó. Ó le dan-in."

"Wáífáì ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀."

"Ẹ ní kí àpótí tún àwọn ìkànnì wá."

"Ó wá a títí, kò rí ẹyọ kan."

Mo gbọ́ ohùn ìyàwó rẹ̀ lẹ́yìn. "Lọ, jàre. Orí ló kàn ń fọ́ mi. Màá sùn."

"Orí ń fọ́ ẹ láti àárọ̀."

"Mo ní kí o lọ. Kí o sáà tètè dé."

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń kà á, mo gbọ́ "orí ń fọ́ mi." Èmi náà ti lóyún rí. Ó yẹ kí n sọ pé, "Jókòó ti ìyàwó rẹ." Ọ̀rọ̀ náà wà lórí ahọ́n mi. Ohun tí mo sọ ni, "Mú agbòjò o."

Ó dé, ó rin gbindin. Kò jókòó. Mo ti gbé oúnjẹ sórí tábìlì, kò tilẹ̀ wò ó. Ó tẹ èyí, ó tẹ tọ̀hún. Iná àpótí ń tàn. Wáífáì ń lọ. Ó fọwọ́ kan ẹnu wáyà, kò mì.

"A jẹ́ pé áńténà ni. Atẹ́gùn ti yí i." Ó yọ fóònù lápò, ó gbé e lé apá àga. "Mi ò fẹ́ kí òjò pa á. Ẹ dúró síbí kí ẹ máa wo tẹlifíṣọ̀n. Tí àwòrán bá ti dé, ẹ pariwo."

Ó gbé àkàbà ti ògiri ẹ̀yìnkùlé. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí páànù lókè orí mi, nínú òjò. Ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, lórí páànù tó ń yọ̀.

"Ó ti dé?"

"Kò tíì dé!"

Ó ń yí áńténà náà. Mò ń gbọ́ bí irin ṣe ń ké.

"Báyìí ńkọ́?"

"Rárá!"

Fóònù rẹ̀ dún.

Mo wò ó lórí apá àga. "Ìyàwó Mi" ló hàn lójú rẹ̀, pẹ̀lú fọ́tò rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó dún, ó dún.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà lọ́kàn mi gan-an, torí ìdí tí mo fi ń kọ ìwé yìí nìyẹn. Mo ní lọ́kàn mi pé, ó fẹ́ pè é padà sílé ni. Kò tíì jẹun. Kò tíì jókòó. Jẹ́ kó fún mi ní wákàtí kan péré.

Bọ́tìnnì kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù náà tí wọ́n fi ń pa ohùn rẹ̀. Ọmọ mi ló fi hàn mí lára tèmi, kí n lè máa sùn ní ìrọ̀lẹ́ láìsí ìdààmú. Mo tì í sísàlẹ̀. Ohùn kú. Iná rẹ̀ ṣì ń tàn. Ó kú, ó tún tàn. Ìyàwó mi tún ń pè.

Mo da ojú rẹ̀ dé.

"Ó ti dé, Mọ́mì?"

"Kò tíì dé!"

Nígbà tí ó sọ̀ kalẹ̀, ètè rẹ̀ ń gbọ̀n. "Áńténà ò ṣe nǹkan kan," ó ní. Ó kúnlẹ̀ lẹ́yìn àga, ó sì ṣe ohun tí kò ṣe tẹ́lẹ̀: ó tú ẹnu wáyà náà pátápátá, ó yí i síta, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i.

Ó pẹ́ kí ó tó dìde. Nígbà tó dìde, nǹkan funfun kan wà lórí èékánná rẹ̀.

"Mọ́mì, kí nìyí?"

Mo wo tábìlì.

Ojú rẹ̀ rìn lọ sórí tábìlì, sórí téèpù ìyàwó rẹ̀, sórí sísọ́ọ̀sì. Ó padà sójú mi.

"Ekúté yẹn," ó ní jẹ́jẹ́. "Wáífáì. Ìkànnì tó sá lọ. Gbogbo ẹ̀?"

"Kì í ṣe ti àkọ́kọ́," mo ní. "Ti àkọ́kọ́ bàjẹ́ lóòótọ́."

"Ẹ ti lè ní kí n wá. Ẹ ti lè kàn ní, 'Wá.'"

"Mo sọ bẹ́ẹ̀. O ní ooru ti mú."

Ó yí wáyà padà sáyè rẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n là gbàrà, àwòrán mọ́ kedere, àwọn èèyàn inú rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín kèékèé, ohùn wọn kún gbogbo ilé. Ọmọ mi na ọwọ́ sí fóònù rẹ̀. Ó yí i padà.

Ìpè ìyàwó rẹ̀ kún ojú fóònù náà.

"Ó ti pè mí. Ó pè mí, pè mí." Ó ń tẹ̀ ẹ́, kò sẹ́ni tó gbé e. "Ṣé ẹ gbọ́ kó dún?"

"Òjò ń pariwo lórí páànù. Mi ò gbọ́."

Ó wo ẹ̀gbẹ́ fóònù. "Mo ti pa ohùn rẹ̀," ó ní, bí ẹni tí ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Bóyá nígbà tí mo yọ ọ́ lápò. Ọwọ́ mi ló pa á, mi ò mọ̀."

Mo ṣì lè sọ nígbà yẹn. Ó sáré jáde, ó fi gbogbo irinṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún mi.

Ayálégbé ìsàlẹ̀ ilé wọn ló bá ìyàwó mi lẹ́nu ọ̀nà, ara rẹ̀ ń gbọ̀n rìrì, ojú rẹ̀ ti yí. Fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn, wọ́n rí ẹ̀mí tirẹ̀ gbà là. Wọn ò rí ti ọmọ gbà là. Obìnrin ni. Wọ́n ní bí wọ́n bá ti tètè gbé e dé ni, ó ṣeé ṣe kó yè.

Mo gbé ọmọ náà fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ó jọ ọmọ mi. Ẹnu rẹ̀ là díẹ̀.

Ọmọ mi kò tú àṣírí mi. Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé áńténà ló yí lóòótọ́. Ó bò mí láṣìírí, èmi náà sì fi òun sílẹ̀ lábẹ́ ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀.

Torí ohun tí ìyàwó mi ò lè gbé mì ni fóònù yẹn. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó bú jáde. Ó jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, kò rán nǹkan kan.

"O ṣèlérí," ó ní fún ọkọ rẹ̀. "Ohun kan péré ni mo bẹ̀ ọ́. Kí o má pa ohùn rẹ̀."

"Mi ò mọ ìgbà tí mo pa á. Mò ń rò ó lójoojúmọ́, mi ò rántí."

"O ò ní rántí! Mò ń pè ọ́, mi ò ríran mọ́, mò ń fọwọ́ wá ibi tí orúkọ rẹ wà." Ó yíjú sí mi. Ohùn rẹ̀ rọ̀. "Màmá, ẹ̀yin wà nínú ilé. Ṣé ẹ gbọ́ ọ ni?"

"Mi ò gbọ́, ìyàwó mi."

"Mo mọ̀. Ẹ̀yin ì bá gbé e."

Ó ti ń kó aṣọ rẹ̀ jọ báyìí. Ó fẹ́ lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ó sì ní òun ò mọ̀ bóyá òun máa padà. Ọmọ mi kì í jẹun. Ó máa ń ti bọ́tìnnì fóònù rẹ̀ sókè, sísàlẹ̀, sókè, sísàlẹ̀, bí ẹni tí ó ń wá ohun tó sọnù.

Ní tèmi, ọkùnrin kan tí n kò mọ̀ rí wá sílé mi. Ọmọ mi ló rán an. Ó tú àpótí dúdú náà, ó yọ ẹ̀rọ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n, ó fa wáyà tààrà láti ògiri gba àárín pálọ̀ kọjá.

"Ọ̀gá ní kí n má fi nǹkan kan sílẹ̀ tó lè bàjẹ́," ó ní. "Ẹ máa wolẹ̀ o, Mọ́mì. Ó lè gbé yín ṣubú."

Gbogbo ìkànnì ń ṣí. Kò sí ẹyọ kan tí kò ṣí.

Ẹ̀yin ìyá, bí àárò ọmọ bá ń sọ yín, ẹ fi ẹnu yín sọ ọ́. Bí ó bá ní kò sáyè, ẹ tún un sọ. Ìtìjú rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí èmi jókòó sí.

Oorun kò kùn mí. Mo fẹ́ fi ìwé yìí ránṣẹ́ lọ́la. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń kọ ọ́ ni mo rí i pé ìwà ojo mìíràn tún nìyí, kí n sọ ọ́ fún gbogbo ayé kí n má sọ ọ́ fún àwọn méjì tó ni ín. Ìyàwó mi ń ka ìwé ìròyìn yìí. Yóò rí téèpù rẹ̀, yóò mọ̀. Nítorí náà n kò ní fi í ránṣẹ́ kí n tó kà á fún wọn. Bí ẹ bá rí i nínú ìwé, ẹ mọ̀ pé mo ti lọ.

*

Mo ti lọ.

Àpótí aṣọ ìyàwó mi wà lẹ́nu ọ̀nà wọn. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí àwọn méjèèjì jókòó. Mo wọ awò ojú mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Lẹ́tà ń jó níwájú mi. Nígbà tí mo kan ibi téèpù, ọmọ mi ní, "Mọ́mì, ẹ fi sílẹ̀." Mò ń kà á lọ. Nígbà tí mo kan ibi tí mo ti da ojú fóònù dé, mo dúró.

Ìyàwó mi kò bi mí léèrè bóyá kí n máa kà á lọ.

"Ẹ tún ibẹ̀ kà," ó ní.

Mo tún un kà.

"Ẹ tún un kà."

Mo kà á lẹ́ẹ̀kẹta. Ọmọ mi ti na fóònù rẹ̀ síwájú, ó ń wò ó nínú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ejìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ìyàwó rẹ̀ dìde, ó gba iwájú mi kọjá bí ẹni tó ń gba iwájú àga kọjá, ó lọ kúnlẹ̀ tì í, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá orí rẹ̀ mú mọ́ra. "Kì í ṣe ìwọ," ó ń wí. "Kì í ṣe ìwọ. Mi ò mọ̀ pé kì í ṣe ìwọ."

Wọn kò wo ibi tí mo wà. Mo ká ìwé mi, mo dìde. Mo gbé àpótí aṣọ kúrò lẹ́nu ọ̀nà kí n tó lè ṣílẹ̀kùn, mo gbé e sínú ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ. Kò sẹ́ni tó sìn mí.

Mo délé, mo wolẹ̀, mo gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí wáyà. Mo pa tẹlifíṣọ̀n.